A Bá Akọ̀wé Wí Nítorí Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò rọrùn láti sọ, nítorí àwa gan-an ni a jẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í pamọ́, ẹlòmíràn lè ṣi ẹsẹ̀ gbé bí a ti ṣì í gbé.

Ẹ̀rọ fótókọ́pì kan wà ní ọ́fíìsì wa. Tòkúnbọ̀ ni nígbà tí a rà á, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Bí a bá gbé ìwé lé orí dígí rẹ̀, yóò ya àwòrán ìwé náà, yóò sì fi í ránṣẹ́ tààrà sí ímeèlì ẹni tí a bá fẹ́, láìsí kọ̀ǹpútà láàrin. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú kó ìwé wá bá wa. Ilé iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ fẹ́ rí ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí ikú kí wọ́n tó san owó tí ó tọ́ sí i. Agogo méjìlá ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn. A ní kí Màmá fi ọkàn balẹ̀. A tẹ ẹ̀rọ. Ó ya ìwé náà tán, ó sì tẹ bébà kan jáde pé iṣẹ́ kò lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni akọ̀wé wa, òun ni ó sì ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. A pè é, a bi í pé kí ni ó fọwọ́ kàn. Ó ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n kó o sínú fíláàṣì, kí n fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́." A ní kí ó dákẹ́. Lójú wa, ó ń wá bí yóò ṣe bo àṣìṣe rẹ̀ ni. A bá a wí níwájú Màmá, a sì jókòó ti ẹ̀rọ náà fúnra wa. A tẹ ibí, a tẹ ọ̀hún, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní Ọjọ́bọ̀, a pe ẹnjiníà kan. Kò tú ẹ̀rọ rárá. Ó yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀, ó fi í sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣí. Ó ní ọ̀nà dára. Ó wo aago ẹ̀rọ, ọdún 2000 ni ó bá níbẹ̀. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, nígbà tí wọ́n sì mú iná lọ, aago padà sẹ́yìn. Ó ṣàlàyé pé ìwé ẹ̀rí tí sáfà ímeèlì ń fi hàn ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ẹ̀rọ tí ó bá rò pé ọdún 2000 ni a wà lè kọ̀ ọ́. Ó tún aago ṣe, síbẹ̀ iṣẹ́ kò lọ.

Ó wá béèrè pé, "Ta ni ó yí nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà sí 25?" Nọ́ńbà 25 ni àwọn sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sì ti dí i mọ́ àwọn oníbàárà wọn, nítorí àwọn tí ń fi í tú lẹ́tà jìbìtì káàkiri. 587 tàbí 465 ni ó yẹ ẹ̀rọ ọ́fíìsì. Akọ̀wé wa kò sọ nǹkan kan. Ó lọ mú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan wá, níbi tí ó ti kọ gbogbo ètò ẹ̀rọ náà sí. 587 ni ó wà níbẹ̀. Àwa ni a yí i ní alẹ́ Ọjọ́rú. Ojú tì wá.

Nígbà tí wọ́n dá 587 padà, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ yí padà. Ó ti dé ọ̀dọ̀ sáfà báyìí, ṣùgbọ́n èdè wọn kò yé ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni má baà ka lẹ́tà lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ àti sáfà gbọ́dọ̀ lo èdè àṣírí kan tí wọ́n ń pè ní TLS. Ti àkọ́kọ́, 1.0, jáde ní 1999, 1.1 ní 2006, 1.2 ní 2008. Ní oṣù kẹta 2021, àjọ IETF tí ń gbé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ kéde pé kí a má lo 1.0 àti 1.1 mọ́, nítorí wọn kò lágbára tó mọ́. Ẹ̀rọ wa kò gbọ́ ju 1.0 lọ, ilé iṣẹ́ ímeèlì wa sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ó ba ẹ̀rọ jẹ́. Àgádágodo ni wọ́n pààrọ̀. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni ó wà lọ́wọ́ wa.

Ẹnjiníà tún kìlọ̀ pé èdè nìkan kọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 2022, Google bẹ̀rẹ̀ sí í kọ páásíwọ̀ọ̀dù lásán lọ́wọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àkáǹtì ti ara ẹni. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì gbọ́ èdè tuntun yóò tan ààbò onígbésẹ̀ méjì, yóò sì gba páásíwọ̀ọ̀dù pàtàkì onílẹ́tà 16 fún ẹ̀rọ náà.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ tiwa? Fíláàṣì tí ọmọ náà ti sọ ní Ọjọ́rú ni. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó kó ìwé Màmá sínú rẹ̀, ó fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Kí agogo mọ́kànlá tó lù, wọ́n ti dáhùn pé àwọn rí i.

Níwájú Màmá ni a ti bá a wí, nítorí náà níwájú Màmá ni a ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, Dádì." Ṣùgbọ́n ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ tí ó wọ kèrègbè ni a gbá dànù, tí ọjọ́ méjì fi ṣòfò lórí ìwé opó.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ̀rọ yín bá kọ iṣẹ́, ẹ yẹ wáyà wò, ẹ yẹ aago wò, ẹ yẹ nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà, páásíwọ̀ọ̀dù àti èdè rẹ̀ wò. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yí i. Bí àkókò bá sì ń lọ, ẹ gba ọ̀nà mìíràn ná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tó bi ọmọ pé kí ni ó bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó rí.