Àwọn Fíìmù Ọjọ́ Iwájú Tí Mo Ní Lọ́kàn Láti Wò

Bí wọ́n bá ti dárúkọ fíìmù tí èèyàn ti ń gun ọkọ̀ lọ sínú òṣùpá, tàbí èyí tí ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn, ọ̀pọ̀ àgbà á ní, “Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.” Èmi kì í bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa ní kékeré, ṣebí okùn máa ń ti ọ̀run já wálẹ̀, tí ìjàpá á sì dì í mú? Àgbà ló ń pa àlọ́ yẹn, kì í ṣe ọmọdé.

Àwọn òyìnbó náà ti pẹ́ nídìí irú àlọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1902, Georges Méliès, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe fíìmù kékeré kan tí wọ́n ti fi ìbọn ńlá yin àwọn èèyàn lọ sínú òṣùpá. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tó di 1969, ẹsẹ̀ èèyàn tẹ òṣùpá ní tòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fojú kéré wọn.

Orúkọ mẹ́rin ni mo kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tó wà ní yàrá mi, ó sì ti lé lọ́dún kan tí mo ti ní màá wò wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọmọ-ọmọ mọ bó ṣe máa ń rí: lọ́jọ́ tí iná bá wà, àyè kì í sí, lọ́jọ́ tí àyè bá sì wà, iná á lọ. Ẹnu àwọn ọmọ mi ni mo ti gbọ́ ohun tó wà nínú wọn, mo sì kà díẹ̀ kún un. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ ìlera bá wà ni mo máa ń tẹ́tí sí jù.

Àkọ́kọ́ ni WALL-E, tó jáde ní 2008. Àwòrán ni wọ́n yà, kì í ṣe èèyàn gidi. Ìdọ̀tí ti kún ayé, gbogbo èèyàn wá kó lọ sínú ọkọ̀ kan lójú òfuurufú fún 700 ọdún. Orí àga ni wọ́n ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, inú ife ni wọ́n ti ń mu oúnjẹ, ojú wọn kì í kúrò lára ẹ̀rọ. Wọ́n wá sanra débi pé bí ẹnì kan bá ṣubú, kò lè dá dìde. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́ ọ, àmọ́ mo rántí àwọn ilé tí ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ti jẹun bí fóònù ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má jókòó wo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rárá, kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì wò ó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ní tiwa, àwa àgbà, wọ́n ní ó kéré tán, ká máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ń rin 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó ti pé.

Èkejì ni Gattaca, ti 1997. Nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ti bí ọmọ tán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ àrùn tó lè ṣe é àti bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe máa gùn tó. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó dàgbà. Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n fún un, òun sì ní dandan, òun yóò lọ sójú òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àlọ́ lọ́dọ̀ wa. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Mo ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra rí ní wọ́ọ̀dù lóru, tí gbogbo egungun ń ro ó, tí ìyá rẹ̀ ń bi mí pé kí lòun ṣe. Ní 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Casgevy, tí wọ́n fi ń tún ohun tí ọmọ jogún sínú ẹ̀jẹ̀ ṣe. Àlọ́ ti ń di òótọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ṣe é kí ìfẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára.

Àwọn ọmọ tiwa lọ́wọ́ nínú ẹ̀kẹta. Iwájú lorúkọ rẹ̀, Kugali àti Disney ló ṣe é, ó jáde ní 2024. Ìlú Èkó ọjọ́ iwájú ló dá lé. Bàbá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tọlá kì í ráyè, ó wá fún un ní alángbá kan tó jẹ́ ẹ̀rọ, kó máa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ajọ́mọgbé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo fẹ́ bá wo èyí. Mo fẹ́ bi wọ́n pé èwo ni wọ́n máa mú, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ni àbí bàbá tó wà nílé?

Ẹ̀kẹrin ló mú mi kọ̀wé yìí. Robot & Frank ni, 2012 ló jáde. Bàbá arúgbó kan ló ń dá gbé, iyè rẹ̀ sì ti ń ra. Ọ̀nà jíjìn ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti máa ń wakọ̀ wá wò ó. Nígbà tó sú u, ó gbé ẹ̀rọ kan tó dà bí èèyàn wá fún bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń se oúnjẹ, ó ń mú un rìn, ó ń bá a ro oko ẹ̀yìnkùlé. Bàbá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, nígbà tó yá, wọ́n di ọ̀rẹ́. Olè ni bàbá yìí nígbà kan, ló bá kọ́ ẹ̀rọ ní olè jíjà. Wọ́n ní ibẹ̀ pani lẹ́rìn-ín gan-an.

Túndé ọmọ wa tó wà ní ìlú Ọba ló ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù, mo sì mọ ìdí tó fi sọ ọ́. Bàbá rẹ̀, baálé mi, ti pé ẹni ọdún 76. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kan tó ń ti ìpàdé ẹgbẹ́ bọ̀, lójú ọ̀nà tó ti ń rìn fún 20 ọdún, ọlọ́kadà kan tó mọ̀ wá ló mú un wálé. Túndé fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ọ. Òwe ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tó wà lókè òkun lè fi owó ránṣẹ́, kò lè fi ọmú ránṣẹ́. Iná àti àyè ni kò jẹ́ kí n wo fíìmù mẹ́ta yòókù. Ní ti èyí, àyà mi ló ń já.

Mo mú Bàbá Túndé lọ sí ọsibítù. Ìgbàgbé kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ti ọjọ́ ogbó. Bí fítámì B12 kò bá tó lára, bí ìbànújẹ́ bá ti pẹ́ lọ́kàn, tàbí bí oògùn kan tí àgbà ń lò kò bá bá a lára mu, iyè lè ra, ó sì ṣeé tọ́jú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀, ojú àti etí rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, etí rẹ̀ ọ̀tún kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Dókítà ní ká tọ́jú méjèèjì, ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kóun tó lè sọ bóyá àrùn iyè ríra ni.

Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ti jọ ṣèwádìí àrùn yìí láàárín àwọn Yorùbá tó ti lé ní 65 ọdún ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé, nínú 1,000 àgbà, nǹkan bíi 13 tàbí 14 ló ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ nǹkan bíi 32 lọ́hùn-ún. Tiwa kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n ilé tó bá kàn ló mọ̀ ọ́n.

Mo sọ ìtàn fíìmù náà fún baálé mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Túndé, ṣé ẹ̀rọ yẹn á mọ oríkì mi?” Mo ní, “Bàbá Túndé, ẹ̀rọ ti ń ràn yín lọ́wọ́. Fóònù ló ń dún láago mẹ́jọ kí ẹ tó lo oògùn yín.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Òótọ́ ni. Jẹ́ ká tètè wò ó, nígbà tí mo ṣì lè mọ ẹni tó ń ṣe kí ni nínú rẹ̀.”

Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá fẹ́ wo irú fíìmù báyìí, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ wò ó, kó má baà dí oorun yín lọ́wọ́. Ẹ dìde nà díẹ̀ láàárín rẹ̀. Bí àwọn ọmọdé bá fẹ́ bá yín wò ó, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí i, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà fún ọmọdé. Bó bá parí, ẹ jókòó sọ ọ́ láàárín ara yín, ìyẹn náà ń ṣe ọpọlọ lóore. Bẹ́ ẹ bá sì rí àgbà tó ń béèrè ohun kan náà léraléra, ẹ má ṣe sọ pé ó ti ń ṣarán, ẹ mú un lọ sí ọsibítù.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la fi sí, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ti ra epo sínú jẹnẹrétọ̀.