Àpótí Géèmù Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kàn

Iná tó fẹ́ pa èmi, ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa mọ́lé lóru, èmi fúnra mi ni mo kó o sínú àpótí, tí mo sì gbé àpótí náà sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kò sí ọwọ́ ọ̀tá níbẹ̀. Ojú kòkòrò mi ni, àti ìgbéraga mi. Mo ti jẹ́ ẹ̀rí yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì rí, ṣùgbọ́n mo gé e kúrú. Mo ní Ọlọ́run yọ wá nínú iná, gbogbo ìjọ sì pa àtẹ́wọ́. Mi ò sọ ohun tó fa iná, mi ò sì sọ ta ni Ọlọ́run rán. Ohun tí mo fi pamọ́ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Káfíńtà ni mí ní Muṣin. Ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, àga, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kàn ní ṣọ́ọ̀bù mi tí kò jìnnà sí Ọlọ́ṣà. Nígbà tí wọ́n ti Èkó pa nítorí àrùn kòrónà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, iṣẹ́ dúró. Ta ló fẹ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí kò sẹ́ni tó ń jáde? Yàrá kan àti pálọ̀ la ń gbé, àwọn ìbejì kò lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́, eré wọn kì í pẹ́ di ìjà. Mo wá ń ronú ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe fún wọn.

Ẹni tó bá dàgbà ní Muṣin láàárín ọdún 1990 sí 2000 á rántí ṣọ́ọ̀bù géèmù. Tẹlifíṣọ̀n kan, Sega kan, bẹ́ǹṣì pákó kan, àti àwọn ọmọkùnrin tí òógùn ti bò, tí wọ́n ń pariwo lé Street Fighter II lórí, géèmù tí ilé iṣẹ́ Capcom ní Japan gbé jáde ní 1991. Èmi kì í lówó lọ́wọ́. Ẹnu fèrèsé ni mo máa ń dúró sí láti wòran, onígéèmù á sì máa lé mi bí ẹní lé adìẹ.

Orí fóònù ni mo ti rí i pé àwọn èèyàn lókè òkun máa ń fi plywood kan àpótí géèmù kékeré tí wọ́n lè gbé ka orí tábìlì. Inú mi dùn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni pákó. Nígbà tí ìjọba dẹ okùn díẹ̀ lóṣù Karùn-ún, mo lọ sí Computer Village ní Ìkejà, mo ra ojú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ọ̀pá ìdarí méjì, àwọn bọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère, àti Raspberry Pi kan tí ẹnìkan ti lò. Kọ̀ǹpútà ni Raspberry Pi, ṣùgbọ́n kò ju káàdì ATM lọ ní fífẹ̀. Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó gbé e kalẹ̀ wà, ọdún 2012 ló kọ́kọ́ jáde, torí àtiṣe kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ọmọdé lè fi kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì ṣe dá a sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Fún ọmọdé ni wọ́n ṣe é.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi débi pé mo ń gbàgbé oúnjẹ. Mo so pákó méjì pọ̀ kí n tó fi ayùn gé wọn, kí apá ọ̀tún àti apá òsì lè bá ara wọn mu rẹ́gí. Mo dẹ ojú kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà máa dun ọmọ lọ́rùn. Mo lu ihò bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, mo fi sáńpépà ha etí rẹ̀ títí kò fi lè gún ọmọ lọ́wọ́. Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni swíìṣì kékeré kan wà tó ń dún kẹ́ bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́, wáyà rẹ̀ á sì gbé ìròyìn lọ fún kọ̀ǹpútà. Ètò tó ń jí àwọn géèmù àtijọ́ dìde, tí wọ́n ń pè ní MAME, ọ̀fẹ́ ni. Ará Ítálì kan, Nicola Salmoria, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1997 kí àwọn géèmù wọ̀nyẹn má baà parẹ́. Alẹ́ ọjọ́ tí géèmù Pac-Man kọ́kọ́ tàn lójú àpótí náà, àwọn ìbejì dìrọ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Bí mo bá dúró síbẹ̀, mi ò bá má ní ẹ̀rí kankan láti jẹ́.

Àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Lákọ̀ọ́kọ́ mò ń jẹ́ kí wọ́n gbá a lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tó yá ni mo rí bí wọ́n ṣe ń tò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí wọn bí owó. Lókè òkun, ẹyọ owó ni wọ́n ń jù sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń ná ẹyọ owó? Central Bank ṣe ẹyọ náírà kan àti náírà méjì jáde ní 2007, àwọn ará ọjà kò tẹ́wọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n MAME ṣì ń retí ẹyọ owó. Lórí kíbọọ̀dù, nọ́ńbà 5 ló dúró fún un. Mo wá lu ihò kan sábẹ́ àpótí níbi tí ojú kò tó, mo fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀, mo so ó mọ́ nọ́ńbà 5. Ọmọ á fún mi ní ₦50, èmi á na ọwọ́ sábẹ́, mà á tẹ̀ ẹ́, géèmù á bẹ̀rẹ̀. Agolo ìṣó tó ti ṣófo ni mò ń kó owó náà sí.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ nìyí. Ẹ̀mí mẹ́ta ni Pac-Man máa ń fún èèyàn kó tó ní géèmù ti parí. Àwọn tó ṣe é fi àyè sílẹ̀ fún onígéèmù láti dín in kù. Mo wọ inú ètò rẹ̀ lóru, mo sọ ẹ̀mí mẹ́ta di ẹyọ kan. Ní ọjọ́ kejì, ₦50 ọmọ kì í pẹ́ tán. Wọ́n rò pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n á sáré lọ wá owó mìíràn. Mò ń wò wọ́n. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Ìyàwó mi kìlọ̀. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, kalokalo lẹ ń ṣe yìí o.” Mo ní kalokalo kọ́, kò sẹ́ni tó ń ta tẹ́tẹ́, eré lásán ni. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà lọ́dún náà, àwọn ọmọ kan ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní aago mẹ́wàá àárọ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Mi ò lé ẹnikẹ́ni.

NEPA ló wá di ìṣòro mi. Bí iná bá lọ lójijì, káàdì tí géèmù wà lórí rẹ̀ á bàjẹ́, mà á sì tún gbogbo rẹ̀ kó sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lọ ra bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti gbó, mo tú u palẹ̀, mo ṣa àwọn èyí tí mo rò pé ó ṣì dára, mo tò wọ́n ní mẹ́ta mẹ́ta, mo so wọ́n sínú àpótí. Rewáyà kan ládùúgbò wa wò ó, ó ní níbo ni mo fi pátákó tó ń ṣọ́ bátìrì sí. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí irú bátìrì yẹn bá ti kún dé 4.2 vólítì, ó gbọ́dọ̀ dáwọ́ gbígba iná dúró, àti pé nínú mẹ́ta tí a bá tò pọ̀, èyí tó ti gbó jù ló máa ń kọ́kọ́ kún. Bí kò bá sí ohun tó máa dá iná dúró, á gbà kọjá agbára rẹ̀, á sì gbiná. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi owó kékeré wá ikú.” Iye tí wọ́n ń ta pátákó náà kò tó ohun tó ń wọ agolo ìṣó mi lọ́jọ́ kan. Mo ní mà á rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò rà á.

Obìnrin kan wà nínú ilé wa tó ń ta ata ní ọjà Ojúwoyè, Ìyá Aláta la ń pè é. Ọmọkùnrin rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, kì í fi ìdí àpótí mi sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Aláta bá mi níta pẹ̀lú omijé lójú. Owó àjọ tó gbà kò pé mọ́. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yìí ń wá ná owó lọ́dọ̀ yín?” Gbogbo ará ilé ti yọjú. Mo ní rárá. Mo ní ọmọ náà kì í gbá géèmù lọ́dọ̀ mi, kó lọ wá ibi tó ná an sí. Ìyẹn kò tó mi, mo tún nàka sí ọmọ náà lójú gbogbo èèyàn, mo pè é ní olè, mo ní n kò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi mọ́.

Ọmọ náà wò mí. Kò sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé inú agolo ìṣó mi ni owó ìyá òun wà, èmi náà sì mọ̀ pé ó mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ kò ti fi í sílẹ̀ nílé mọ́. Bó bá ń lọ ra ata ní ọjà Máìlì 12 ní ìdájí, á jí i, wọ́n á jọ lọ, kó lè bá a gbé apẹ̀rẹ̀, kó sì padà dé kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Àánú ọmọ náà máa ń ṣe ìyàwó mi bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lóru. Èmi máa ń yí ojú sógiri.

Lóru ọjọ́ tí mò ń wí, NEPA mú iná wá lẹ́yìn tí a ti sùn. Mo dìde, mo ki ṣájà àpótí náà bọ iná, mo padà lọ sùn. Irin ni wọ́n fi dí gbogbo fèrèsé wa nítorí olè, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo la sì ń gbà jáde, ẹ̀bá rẹ̀ ni àpótí náà wà. Ariwo ló jí mi. Ẹnìkan ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn, ó ń ké pé, “Bàbá Ìbejì! Àpótí yín ń rú èéfín! Ẹ jáde!” Pálọ̀ ti funfun fún èéfín, ohun kan ń ṣe ṣìì nínú àpótí, plywood ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbiná lábẹ́. Ìyàwó mi gbá ìbejì kan mọ́ra, èmi gbé ìkejì, a fò kọjá. Bí a ṣe ń jáde ni bátìrì àkọ́kọ́ bú. Aṣọ ẹnu ọ̀nà gbiná lẹ́yìn wa. Bó bá pẹ́ sí i díẹ̀, kò ní sí ọ̀nà.

Òkìtì yanrìn kan wà níwájú ilé. Abọ́ ńlá tí Ìyá Aláta fẹ́ gbé lọ kó ata ló fi ń bu yanrìn, òun àti ọmọ rẹ̀ ń sáré wọlé, wọ́n ń jáde, títí àwọn ará ilé yòókù fi dé. Nígbà tí iná kú tán ni mo tó wo ojú ẹni tó jí wa. Ọmọ tí mo pè ní olè ni.

Ó ní bí àwọn ṣe ń kọjá ni òun gbọ́ òórùn náà láti ojú fèrèsé. Ó mọ fèrèsé yẹn dáadáa. Láti ọjọ́ tí mo ti lé e, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí láti wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbá géèmù, èmi kò rí i.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, ọgbọ́n mi kò gbé e. Ká ní n kò parọ́ mọ́ ọmọ yẹn, orí ẹní ni ì bá wà ní ìdájí ọjọ́ náà. Irọ́ mi ni Ọlọ́run gbà jí mi. Ibi tí mo ti ṣe búburú gan-an ni Ó gbé ọwọ́ Rẹ̀ sí, Ó fi yọ àwọn ọmọ mi, èmi tí mo yẹ fún ìjìyà ni wọ́n tún ń bá dúpẹ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Aláta nínú yanrìn. Mo ní, “Ẹ dárí jì mí, ọwọ́ mi ni owó yín wà.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ dìde, Bàbá Ìbejì. Ojú gbogbo èèyàn lẹ ti pè é lólè. Ojú gbogbo èèyàn náà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀ ẹ́.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ti agolo, mo sọ ti bọ́tìnnì abẹ́ àpótí, mo sọ bí mo ṣe sọ ẹ̀mí mẹ́ta di ẹyọ kan. Ojú àwọn ọmọ tó dúró síbẹ̀ là nígbà tí wọ́n gbọ́ ìyẹn.

Mo dá owó àjọ náà padà. Mo tún lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń bẹ àwọn òbí. A ti kan àpótí mìíràn, ọmọ Ìyá Aláta ló gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Kò sí bátìrì nínú èyí, fíúùsì wà nídìí wáyà rẹ̀, ẹ̀mí mẹ́ta ló ń fún èèyàn, ẹnikẹ́ni kì í sanwó. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà ní òpópónà kejì tí kò tíì dá mi lóhùn títí di òní. Ọmọ tirẹ̀ kò padà sí ilé ẹ̀kọ́ láti ìgbà náà, ìdí kalokalo gidi ni wọ́n ti ń rí i báyìí. Mo ṣì ń lọ síbẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa fún àwọn ìbejì mi, kí ẹ sì bá mi fi ọmọ náà sínú àdúrà.