Pákó Tó Rà Lábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni omi fi ń ba ilẹ̀ inú ọkọ̀ jẹ́. Kò sí ẹni tó ń rí i lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tó yí gíláàsì iwájú ká á sán díẹ̀, òjò á máa kán wọlé, kápẹ́ẹ̀tì á fà á mu, pákó abẹ́ rẹ̀ á sì máa rà ní kọ̀rọ̀. Lókè òkun, àwọn tó ní ọkọ̀ ìgbafẹ́, èyí tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí tí wọ́n sì ń dáná nínú rẹ̀, mọ àìsàn yìí dáadáa. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ẹdẹ, ṣùgbọ́n a ní bọ́ọ̀sì, àìsàn kan náà ló sì ń ṣe wọ́n.

Bọ́ọ̀sì ilé wa kì í ṣe ọkọ̀ akérò nìkan. Lọ́jọ́ ọjà, ó ń gbé àwọn ìyá oníṣòwò láàárín Ọjà Tìmì àti Òṣogbo. Bí ọdún bá dé, ìyá mi á tẹ́ ẹní sí i lẹ́yìn, àwa ọmọ á sì sùn lórí rẹ̀ títí a ó fi dé ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè bọ́ lọ́wọ́ omi: yìnyín tó ń yọ́ láti ara ẹja, ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti wọ́n omi sí, àti ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ èrò ní gbogbo àsìkò òjò.

Nínú ìrìn àjò ọdún Iléyá kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àbúrò mi àbíkẹ́yìn lórí ẹní náà, ó sì bì. Bí a bá dúró tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ara rẹ̀ á yá; bí a bá tún gbéra, orí fífọ́ náà á padà dé. Àwọn àgbà tó wà nínú ọkọ̀ ní oòrùn ni. Ìyá mi kò gbà. Nígbà tí a padà sí Ẹdẹ, ó ká kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà náà kúrò nílẹ̀. Pákó abẹ́ rẹ̀ ti dúdú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Irin tó gbé e dúró ti dógùn-ún, ó ti lu níbi tí ọwọ́ lè gbà kọjá. A ń wo sálẹ́ńsà kedere láti ibẹ̀.

Èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín náà kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ló ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n sì sùn lọ. Ọmọ tó sùn sílẹ̀, lórí ihò gan-an, ló kọ́kọ́ ń fà á símú.

Ọ̀rọ̀ owó wá dìde. Sáà tuntun ń bọ̀ níléèwé, ọkọ̀ yìí sì ni bàbá mi gbójú lé. Ó fẹ́ kí wọ́n kan páànù sí ojú ihò náà, kí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun lé e, kí ọkọ̀ sì padà sí títì lọ́jọ́ kejì. Káfíńtà tí a pè jẹ́ àgbàlagbà tó ti ń kan pákó ọkọ̀ láti ayé bọ́lẹ̀kájà.

Ó ní, “Àlàájì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ń gbà wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.”

“Ẹ ṣáà bá mi bò ó ná,” ni bàbá mi wí. “Bí ọkọ̀ yìí ò bá ṣiṣẹ́, kí ni mo fẹ́ fi san owó iléèwé?”

Ìyá mi ló dá a lóhùn. “Bàbá Ìyábọ̀, ọmọ tí a fẹ́ san owó iléèwé fún ló ń sùn lórí ihò yìí.”

Bàbá mi kò fèsì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, ó gbé e lé káfíńtà lọ́wọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni iṣẹ́ náà gbà. Wọ́n ní kí n jókòó sínú ọkọ̀ kí n máa ṣọ́ ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń da omi sí orí rẹ̀ láti òde. Omi kò wọlé nítòsí ihò náà rárá. Etí gíláàsì iwájú ló gbà wọlé, tó sì ń ṣàn lọ sẹ́yìn níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà gíláàsì. Káfíńtà wá mú síkúrúdíráfà, ó ń fi gún pákó níbi gbogbo. Ibi tó bá ti wọlé láìlo agbára, ibẹ̀ ti rà. Ó gé e títí ó fi kan pákó tó le.

Kò kan tuntun lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ó fi ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ sí oòrùn. Ẹ̀yà olú tín-ín-tìn-ìn ló ń jẹ pákó, kì í sì í rí i jẹ bí omi inú pákó náà kò bá tó ìdá 20 nínú 100. Wẹ́dà ha gbogbo ibi tí irin ti dógùn-ún, ó jó irin tuntun mọ́ ibi tó lu, ó tún sálẹ́ńsà tó ń jò ṣe, ó sì fi ọ̀dà pupa kun irin náà. Máríìn bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi rọ́pò pákó àtijọ́. Káfíńtà kun etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dà kó tó kàn án mọ́lẹ̀, torí etí ni irú pákó bẹ́ẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ mu omi.

Owó iléèwé pẹ́ ní sáà yẹn. Bàbá mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ọ̀gá iléèwé, wọ́n sì gbà kó san án lẹ́ẹ̀mejì. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun náà kò ní gọ́ọ̀mù lábẹ́, kó lè rọrùn láti ká. Lẹ́yìn òjò ńlá, bàbá mi á ká a sókè, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ pákó abẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wọ ọkọ̀ akérò, bí orí bá ń fọ́ yín nínú ọkọ̀ tó sì ń dẹ̀ bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ṣe dá oòrùn lẹ́bi kí ẹ tó wo ilẹ̀.