Fẹ́sípà ń kú lójú títì, ọ̀gá télọ̀ lé ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ lọ, àṣé ọwọ́ ara ẹ̀ ló ti wá!

Bí máṣìnnì bá fẹ́ dójú ti èèyàn, kì í ṣe é nílé o. Àárín títì, níbi tí tírélà ti ń bọ̀ lẹ́yìn, ló ti máa ń ṣe é. Ohun tí ojú ọ̀gá télọ̀ kan rí n'Ìbàdàn nìyẹn, lásìkò òjò ọdún 2023.

Ọkùnrin náà ní mọ́tò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún náà, tí lítà kan tí kò tó náírà 200 di nǹkan bíi náírà 500, ó gbé mọ́tò sílẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lára Fẹ́sípà tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Tíṣà ni bàbá náà, ẹ sì mọ bí àwọn tíṣà ayé ọjọ́un ṣe fẹ́ràn alùpùpù ilẹ̀ Ítálì yẹn tó. Òun ni ọmọ ẹ̀ wá fi ń gbé aṣọ tó bá rán lọ fún àwọn oníbàárà, láti Mọ́kọ́lá títí dé Ọ̀jọ́ọ̀.

Fún bí oṣù kan, wàhálà kankan ò sí. Àfi lọ́jọ́ Sátidé kan tó gbé aṣọ ìyàwó sẹ́yìn, tó fẹ́ bá wọn kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe kọjá Sángo tó ń lọ sọ́nà Pólì, agbára máṣìnnì dédé lọ lábẹ́ ẹ̀. Ó lọ́ ọwọ́ ẹ̀ títí, kò dáhùn. Tírélà tó wà lẹ́yìn fọn fèrè, díẹ̀ ló kù kó gùn ún mọ́lẹ̀. Ẹ̀bá gọ́tà lọkùnrin náà já sí. Ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún ta á nípàá, ló bá jí bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Kó tó dé iwájú Yunifásítì, ó tún kú. Ìyàwó ti wọ aṣọ mìíràn kó tó débẹ̀.

Báyìí ni ìnáwó bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní púlọ́ọ̀gì ni, ó pààrọ̀ ẹ̀. Èkejì ní kàbúrétọ̀ ni, ó fọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta ní àfi kóun tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, pé písítìnì àti ríìngì ti jẹ. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá gbìyànjú ẹ̀ lẹ́nu ìta ṣọ́ọ̀bù wọn, geere ló ń sáré, torí pé ẹnu ìta ò jìnnà. Tó bá ti tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kú nìyẹn.

Ni wọ́n bá sọ fún un pé epo burúkú ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, torí ta ló gbàgbé epo tí wọ́n kó wọ̀lú níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tí methanol pọ̀ jù nínú ẹ̀? Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń rà á làwọn ẹlòmíì náà ti ń rà á, tiwọn ò kú. Ọkàn ẹ̀ bá lọ sọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ tó ń fọ Fẹ́sípà láràárọ̀. Ó ní ọmọ náà ló ń fa epo tà, tó ń fi omi dípò ẹ̀. Ojú àwọn oníbàárà àtàwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ló ti pè é lólè. Ọmọ náà búra títí, "Ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kàn án, sà," kò gbọ́. Ó lé e lọ sílé, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta péré ló kù kí ọmọ ọlọ́mọ ṣe fírídọ́ọ̀mù.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, Fẹ́sípà ṣì ń kú. Ó yẹ kí ìyẹn ti là á lójú, ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ kéèyàn rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àfìgbà tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Àgbówó, tó tì í dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún Fẹ́sípà ṣe lábẹ́ igi. Bàbá ò mú sípánà kankan. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi í.

"Ṣé ó máa ń kọ́kọ́ sáré dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tó o bá sinmi díẹ̀, ṣé ó máa ń jí?"

"Ó máa ń jí, Bàbá."

Bàbá gbé àga ẹ̀ sókè, ó ṣí ìdérí táǹkì. Fììììì! Afẹ́fẹ́ ya wọnú ẹ̀. Ló bá fa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jáde lẹ́nu táǹkì.

"Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

Télọ̀ dákẹ́. Òun ni. Rọ́bà abẹ́ ìdérí ti gbó, àga ti ya, òjò sì ń rọ̀. Ló bá ká ọ̀rá sẹ́nu táǹkì kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣe é.

"Ṣó o mọ àgolo mílíìkì?" ni Bàbá wí. "Tó o bá lu ihò kan ṣoṣo sí i, kò ní dà dáadáa, àfi kó o lu ìkejì kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Ihò kékeré ara ìdérí yìí ni ìkejì yẹn, ìwọ sì dí i pa. Epo ń jáde, afẹ́fẹ́ ò rọ́pò ẹ̀, títí epo ò fi lè sọ̀kalẹ̀ sí kàbúrétọ̀ mọ́. Tó o bá dúró díẹ̀, afẹ́fẹ́ á yọ́ wọlé, á tún jí."

Ó tún kọ́ ọ ní ti ọjọ́ mìíràn. Tí máṣìnnì bá kú, kó kọ́kọ́ ṣí ìdérí. Tí kò bá mí fìì, kó tú púlọ́ọ̀gì wò: tó bá gbẹ, epo ò dé ibẹ̀, tó bá rin fún epo, epo ti dé, iná ni kó wá. Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni agbára ń dínkù láti ọjọ́ pípẹ́, ó ṣeé ṣe kí èéfín ti dí sàlẹ́ńsà, nítorí epo tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́ ni Fẹ́sípà ń jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá gbóná gan-an, tó fún pinpin, kó má ta á nípàá mọ́, kó jẹ́ kó tutù.

Rọ́bà tuntun ni Bàbá fi sí i. Owó ẹ̀ ò tó owó púlọ́ọ̀gì.

Ti Fẹ́sípà parí, ti ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, télọ̀ gba ilé ìyá ọmọ náà lọ. Ìyá ò bú u. Ohun tó sọ ni pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù lẹ ti pe ọmọ mi lólè, inú pálọ̀ mi lẹ wá ti ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ ti sọ tàkọ́kọ́."

Ó lọ sọ ọ́, lójú àwọn oníbàárà, pẹ̀lú ọ̀rá yẹn lọ́wọ́. Ọmọ náà padà, ó sì ṣe fírídọ́ọ̀mù ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fọ Fẹ́sípà náà mọ́ títí tó fi lọ, ọ̀gá ẹ̀ náà ò sì ní kó fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní máṣìnnì, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì wò, kẹ́ ẹ tó la ẹnu pe ẹnikẹ́ni lólè.