Díẹ̀díẹ̀ ni Imú Ẹlẹ́dẹ̀ fi ń Wọgbà

Ẹ má bínú pé dísìkì kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kan èdè wa ju bí ẹ ti rò lọ.

Mo ní server kékeré kan tí mo ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, Debian ló wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo kó ohùn àwọn àgbà tí mo gbà sílẹ̀ sí, títí kan oríkì ìdílé tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì fún mi kí wọ́n tó papò dà. Ọ̀nà méjì ni dísìkì náà pín sí. Ìpín kékeré, 20 gígábáìtì, ni ti ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà. Àmì / ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ìpín ńlá ni /home, níbi tí àwọn ohùn náà wà.

Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ oríkì yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, inú /var/www, lórí ìpín kékeré, ni mo sì ń kọ ọ́ sí. Lálẹ́ kẹta, ẹ̀rọ ní kò sí àyè mọ́. Nígbà tí mo tún fáìlì náà ṣí, òfìfo ni mo bá.

Mo kọ́kọ́ fura sí àmì ohùn wa. Òótọ́ ni pé "e" lásán gba báìtì 1 nínú UTF-8, tí "ẹ́" sì gba 5: 3 fún "ẹ", 2 fún àmì orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo tilẹ̀ kọ ẹgbẹ̀rún ojú ìwé, kò lè tó gígábáìtì kan.

Ojú mi wá lọ sára àwọn ohùn, nítorí pé wọ́n tóbi. Díẹ̀ ló kù kí n pa wọ́n rẹ́ kí n tó rántí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo tẹ df -h. Ìpín / ti kún 100%, ṣùgbọ́n ìdajì /home ṣì ṣófo! Ǹ bá ti pa ohùn ẹni tó ti lọ rẹ́ lásán, bí ẹni tó da àgbàdo inú àká nù nítorí pé yàrá ìdáná kún.

Mo tẹ du -xh --max-depth=1 /. Àmì x yẹn ni kò jẹ́ kí ó kọjá sí ìpín mìíràn. Mo tọ ipasẹ̀ náà dé /var/log, mo sì bá fáìlì kan ṣoṣo tó gba 11 gígábáìtì. Ètò kékeré kan tí èmi fúnra mi kọ ti ń kọ àṣìṣe kan náà síbẹ̀ tọ̀sán-tòru fún oṣù méje.

Mo pa fáìlì náà rẹ́. Àyè kò yọ. Nínú Linux, bí ètò kan bá ṣì di fáìlì mú, àyè rẹ̀ kì í padà. lsof +L1 ló fi ẹni tó dì í mú hàn mí. Mo dá ètò náà dúró, àyè sì yọ lójú ẹsẹ̀.

Láti ìgbà náà, logrotate ń gé àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. journalctl --vacuum-size=200M ń dín ti systemd kù, apt clean ń kó àwọn àpò ètò tí a ti lò tán dànù, apt autoremove --purge sì ń yọ kernel àtijọ́ kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ti kó lọ sí /home, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nílé.

Mo ti ń tún oríkì náà kọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí kò ṣe kedere nínú ohùn náà. Ìyá mi ni wọ́n là á yé mi nígbà àkọ́kọ́. Nísinsìnyí, àwọn náà kò rántí mọ́. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọ̀rọ̀ àgbà jọ, ẹ máa yẹ dísìkì yín wò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ire o.