Ìlà Mẹ́ta Tí Mo Fà Fún Ara Mi

Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò lórí pátákó yìí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ ó rántí pé ní táàmù tó kọjá, ẹgbẹ́ wa fi okùn so pẹ́ńsùlù mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó, a ní kí ẹni tó bá fẹ́ràn àròkọ kan fa ìlà kan sábẹ́ rẹ̀. Orí Facebook la ti rí i kọ́. Oṣù Kejì ọdún 2009 ni wọ́n gbé bọ́tìnnì "Like" jáde níbẹ̀. Àwa náà rò pé tiwa á mú èrò wá, ó sì mú wọn wá lóòótọ́. Bí agogo bíréèkì bá ti dún, ṣe ni wọ́n máa ń wọ́ pìtìmù síwájú pátákó.

Mo kọ àwàdà kan nípa ọlọ́kadà tó fẹ́ kó èèyàn mẹ́rin láti Ìlaròó lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn. Ìlà 21 ló wà lábẹ́ rẹ̀, òun ló gba ipò kìíní. Ẹ gbọ́ òótọ́: èmi fúnra mi ni mo fa mẹ́ta níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń gbálẹ̀, torí àròkọ ẹlòmíì ti ní 20.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ JSS 3 kan wà. Ìyá rẹ̀ ń tajà ní Ìdìrókò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti bodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ti Ìdìrókò kò sì ṣí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Owó ọjà tán, wọ́n kó wá sọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní Ìlaròó. Ó kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe tú ṣọ́ọ̀bù náà, tó ń ka páànù rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìlà kan ṣoṣo kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ mo rí àwọn tó kà á. Ìyá tó ń ta ìrẹsì fún wa ní kí n kà á sí òun létí. Nígbà tí mo kà á tán, ó fi etí ìró nu ojú, ó sì lọ láìwo pẹ́ńsùlù. Àbí ta ló máa fa ìlà pé òun fẹ́ràn ìyà tó jẹ ìyá ọlọ́mọ? Facebook pàápàá rí i pé "Like" nìkan kò tó. Ní ọdún 2016, wọ́n fi ojú ẹ̀rín, ojú ẹkún àti ojú ìbínú kún un. Lọ́dọ̀ tiwa níbí náà, lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, bí orin bá dùn, èrò á hó yèè. Ṣùgbọ́n ẹni tí orin bá bá wí kì í hó, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ náà wá wo pátákó. Ó ní, "Sínìọ̀, ẹnikẹ́ni ò kà á." Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo rí fún un, àmọ́ ìlà mẹ́ta yẹn dí mi lẹ́nu. Mo kàn ní, "Pẹ̀lẹ́." Kò tíì kọ nǹkan kan fún wa láti ìgbà náà.

Mi ò ní kí a já pẹ́ńsùlù dànù. Ó ń mú èèyàn wá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá wọ̀ yín lára, tí ìlà kò sì yẹ ẹ́, ẹ wá ẹni tó kọ ọ́ lọ, ẹ sọ fún un. Èmi ti pa ìlà mẹ́ta mi rẹ́ nínú fáìlì ẹgbẹ́. Ó ku 18, mo ti bọ́ sí ipò kejì.

Àbúrò mi, tí o bá ń ka èyí: wọ́n kà á. Mo ti fi apá ọ̀tún pátákó yìí sílẹ̀ dè ọ́ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.