Aṣọ Wo Ni Ká Wọ̀ Lọ Síbi Bridal Shower?

  Ọ̀rọ̀ aṣọ la gbé wá lónìí, ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Láti ìgbà tí a ti wọ ọdún kẹta ni ìwé ìpè ìgbéyàwó ti ń wọlé wá lọ́tùn-ún lósì. Tẹ́lẹ̀, ìdána àti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí nìkáà, la mọ̀. A ó ra aṣọ ẹbí, a ó jẹ ìrẹsì, a ó padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ní báyìí, bridal shower ti gba iwájú gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ọjọ́ ńlá ni àwọn ọ̀rẹ́bìnrin ìyàwó máa ń kó ara wọn jọ. Wọ́n á fún un lẹ́bùn, wọ́n á ṣeré, wọ́n á gbà á nímọ̀ràn (àwọn tí kò tíì ní ọkọ ló sì máa ń gba ni nímọ̀ràn jù), wọ́n á wá ya fọ́tò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni àṣà náà ti wá. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń rọ̀ lé ìyàwó lórí bí òjò ló fún un lórúkọ. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ti gbìyànjú láti fún un ní orúkọ tiwa. Ẹnì kan ní "ọ̀wààrà ẹ̀bùn," ẹnì kan ní "àpèjẹ ọ̀rẹ́ ìyàwó." Kò sí èyí tó dúró nínú wọn. Ìyá ọ̀kan nínú wa tó gbọ́ "shower" lórí fóònù béèrè pé ṣé balùwẹ̀ la fẹ́ kọ́ fún ìyàwó ni. Bridal shower náà la ó kúkú máa pè é.

Ti ọmọ kíláàsì wa kan tó lọ sílé ọkọ lọ́dún yìí la fẹ́ sọ. Àwa mẹ́sàn-án la wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọdún kìíní, a jọ ń jẹ gààrí inú ike kan náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé Èkó ni wọ́n fi ṣe olórí ètò. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ nǹkan í ṣe, kò sì sí ìjà láàrin àwa pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣí ẹgbẹ́ WhatsApp kan, ó kó gbogbo wa sínú rẹ̀, ó sì fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́: aṣọ sátìnì ₦22,000, owó télọ̀ ₦8,000, owó ìṣaralóge ojú ₦6,000, owó ẹ̀bùn ₦5,000. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. ₦41,000 ni, fún ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí aṣọ ẹbí ìgbéyàwó gan-an kò tíì dé.

Àwọ̀ aṣọ náà ni "sage green." Ó gba wa ní àkókò kí a tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ewé kan tí àwọn òyìnbó fi ń se ọbẹ̀ ni sage. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé efinrin tó ti ń gbẹ, tí eruku wá bà lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mọ̀ pé àwọ̀ mẹ́ta ni gbòǹgbò àwọ̀ lédè wa: funfun, pupa àti dúdú. Ewé tútù o, aró o, èédú o, abẹ́ dúdú ni gbogbo wọn ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ sọ fún olórí ètò pé ó di dúdú tí ẹ ti ní sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni mẹ́fà ti kọ "mo gbọ́" sínú ẹgbẹ́. Ẹnì kan kò sọ nǹkan kan. Òun ni ọ̀rẹ́ wa tó ń di irun fún àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì, owó irun náà ló fi ń jẹun, òun náà ló sì fi ń ra ìwé. Ó ti ṣèlérí látọjọ́ pípẹ́ pé òun lòun máa di irun ìyàwó, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ló kọ̀wé sí wa, kì í ṣe inú ẹgbẹ́ náà, pé òun máa wá di irun yẹn láago mẹ́fà àárọ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní lè dúró. Òun ní ìrìn àjò kan sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. A mọ ilé rẹ̀. Kò sí ìrìn àjò kankan. Ó fẹ́ ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kí aláṣọ ewé tó wọlé ni.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dìjà láàrin wa. Ẹni méjì ní ká dá owó fún un ní bòókẹ́lẹ́. Ẹnì kan ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe ìyàwó, ohun tí ìyàwó bá fẹ́ ni kí wọ́n fún un, ẹni tí kò bá lágbára kó jókòó sílé láìsí ẹ̀bi. A kò fẹ́ pe ìyẹn ní ìwà búburú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ náà nìyẹn, tẹnu ló yàtọ̀. Owó tí wọ́n ní ká dá fún un ló le jù lójú wa. Onígbéraga ni oníirun wa, bí a bá fún un lówó aṣọ, yóò gbà á, yóò wọ̀ ọ́, yóò sì máa di irun fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan.

A wá padà sórí ọ̀rọ̀ tí a ń kọ́. Orúkọ mẹ́ta ni aṣọ bẹ́ẹ̀ ní lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Àkọ́kọ́ ni aṣọ ẹbí. Èkejì ni àǹkóò, tí wọ́n ní ara "and Co." ti pátákó àwọn ilé iṣẹ́ ló ti wá. Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́jọdá, èyí tó wù wá jù, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ síta: aṣọ tí ẹgbẹ́ jọ dá. Ìwé ìṣirò tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ láti Èkó, kò sí "jọ" nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn inú wa ló dá ẹkún ìyàwó sílẹ̀. Gbogbo wa la ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò rí: láàrin àwọn Ọ̀yọ́, ìyàwó á múra, á fi ìlẹ̀kẹ̀ sára, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa lọ láti ilé dé ilé, á máa sun ẹkún rẹ̀ fún òbí àti ìbátan, wọ́n á súre fún un, wọ́n á sì fún un lẹ́bùn. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, bridal shower kan nìyẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n kàn fi ń rìn ín. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú ìwé ni èyí tí ìyá àgbà ọmọ Ìṣẹ́yìn sọ fún un: pé nígbà tiwọn, ohun tó dára jù nínú àpótí ìyá kálukú ni àwọn ọ̀rẹ́ fi ń tẹ̀lé ìyàwó. Àpótí ìyá! Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ Ẹ̀gbá inú wa ní, "Àdìrẹ ńkọ́?"

Bí a ṣe tò ó nìyí. Ẹni tó bá ní àdìrẹ nílé kó mú un wá, bó ti wù kó gbó tó. Ẹni tí kò bá ní kó dá ₦4,000, ọmọ Ẹ̀gbá á bá a rà á ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ọ̀pá márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tà á. ₦10,000 ni wọ́n fún wa, ọ̀pá méjì sì tó ẹnì kan láti ró mọ́ àyà. A ní ká ró o mọ́ àyà nítorí pé obìnrin nìkan ló ń bọ̀, àti nítorí pé a kò fẹ́ gbọ́ ohùn télọ̀. Gbogbo yín lẹ mọ ìdí. Arábìnrin wa tó ń lo híjáàbù fi aṣọ dúdú alápá gígùn sábẹ́ tirẹ̀, ó sì yẹ ẹ́ ju gbogbo wa lọ.

Ohun tó dùn mọ́ wa nínú ètò yìí ni pé kò sí ẹni tó lè wo ẹlòmíì kó mọ̀ bóyá àìlówó ló mú un lọ sínú àpótí ìyá rẹ̀ tàbí àpọ́nlé. Àwọn méjì tó lówó jù láàrin wa gan-an lọ bẹ ìyá wọn.

Ó ku ìyàwó. A kò fi ọ̀rọ̀ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp, a lọ bá a nílé. A sọ fún un pé àwa fẹ́ wọ àdìrẹ, a kò dárúkọ oníirun. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti ní àwòrán náà lọ́kàn láti ọjọ́ tó ti gbà pé òun máa fẹ́ ọkọ, ó sì ti fi han àwọn ará ilé ọkọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó." Odidi ọjọ́ méjì ni kò pè wá. Ọjọ́ méjì yẹn gùn o. Nígbà tó pè, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Ṣé nítorí onídìrí mi ni?" A dákẹ́. Ó ní, "Ẹ wọ àdìrẹ yín." Ó ní kí bàlúù àti kéèkì jẹ́ àwọ̀ ewé òun, kí àwọn ará ọ̀dọ̀ ọkọ tó ti ra sátìnì wọ sátìnì wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa àdìrẹ fún ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà á, nítorí ẹ̀tàn pọ̀ níta. Orúkọ rẹ̀ ti ṣàlàyé ara rẹ̀: a dì í, a rẹ ẹ́. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko dì kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí lára, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n sì fi ń yà á. Kàm̀pálà tí àbẹ́là àti aró òyìnbó wọ̀ ló pọ̀ lọ́jà báyìí. Ẹ̀rọ ti ń tẹ ayédèrú jáde pẹ̀lú, ó sì wọ́n kéré. Ẹ yí aṣọ náà padà: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣí ju ojú rẹ̀ lọ, tí iṣẹ́ ara rẹ̀ sì jọra láìyẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ èèyàn máa ń yẹ̀ níbì kan. Bí aró bá tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi á fi mọ́. A fọ tiwa lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí funfun ni ìyàwó fẹ́ wọ̀, gbogbo wa la sì máa dì mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìnkùlé ilé kan ní Agbowó, oníirun parí irun ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ó wọ yàrá, ó jáde pẹ̀lú Ìbàdàndùn ìyá rẹ̀, ẹlẹ́kọ gidi, tí aró rẹ̀ ti ṣí díẹ̀ níbi ìṣẹ́po. Ó ń fi òpó Gbọ̀ngàn Mápó hàn wá lára rẹ̀, òpó Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, àti ṣíbí tó wà láàrin àwọn òpó náà. Ó ń run kánfọ̀. Ìyàwó di etí aṣọ náà mú, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń fi àtàǹpàkò ra á.

Àwọn oníṣátìnì dé láago méjìlá, ewé efinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ aró. A ti ń bẹ̀rù pé fọ́tò náà kò ní dára. Lóòótọ́, kò bára mu. Olùkọ́ wa kan tó rí i lórí fóònù wa rẹ́rìn-ín, ó ní kí la ń ṣàlàyé sí, ṣebí dúdú ni gbogbo yín. Àbúrò ọkọ béèrè ọ̀nà Ìtòkú lọ́wọ́ ọmọ Ẹ̀gbá kó tó lọ. Ọmọ Ìṣẹ́yìn sun ẹkún ìyàwó díẹ̀, ohùn rẹ̀ há lágbedeméjì, ìyàwó sì bá a parí ẹkún náà, ti omijé ni o.

Ẹni tó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe ìyàwó kò tíì gbà títí di òní. Ó ní ọ̀rẹ́ wa pàdánù àwòrán rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ló sọ. A óò tún jà á, nítorí oṣù Kejìlá ni ti ọmọ Ìṣẹ́yìn, ó sì ti sọ pé aṣọ òkè lòun fẹ́. Àlàárì! Nínú ọyẹ́ náà, ooru á mú wa. A ti ń dá ₦1,000 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, oníirun ló ń gba àjọ, kò sì sí ẹni tó tíì jẹ gbèsè àfi ọmọ Ìṣẹ́yìn fúnra rẹ̀.